Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi

Òfin tó dá NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, sílẹ̀ ní 1992 kò fàyè gba kí ìjọ kankan gba ìwé àṣẹ rédíò ní Nàìjíríà. Nítorí náà, láti ilé iṣẹ́ ìjọba àti ti aládàáni ni orin ìyìn ti ń wọlé tọ àwọn ará Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré wá. Kí Èkìtì tó di ìpínlẹ̀ ní 1996, Àkúrẹ́ ni rédíò ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí a wà nínú rẹ̀ nígbà náà, wà. Rédíò Kristẹni ELWA ti ṣáájú wọn: láti 1954 ló ti ń sọ̀rọ̀ láti Monrovia ní Làìbéríà, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè rẹ̀, títí ogun fi bà á jẹ́ ní 1990.

Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń gbé orin ìyìn yìí jáde lórí rédíò ni mo fẹ́ kí. Èyí tó mọṣẹ́ nínú wọn kì í sáré. Á jẹ́ kí ègbè parí kó tó lanu. Bó bá fi orin Good Women Choir ti CAC Ìbàdàn sí i, kò ní tìtorí ìpolówó gé e sí méjì. Bó bá kan orin Bọ́lá Àrẹ, ọmọ Èríò-Èkìtì, á dákẹ́ kí ìlù ráyè. Lẹ́yìn náà ni yóò wá kí àwọn àgbà tí ẹsẹ̀ kò gbé dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìsìn wọn nìyẹn, mo sì ka iṣẹ́ yìí sí iṣẹ́ àlùfáà gan-an.

Kí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò náà jọ̀ọ́ tètè gba ohùn àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wa pamọ́, torí kásẹ́ẹ̀tì ń bàjẹ́.