Ìpàkọ́ Tí Ojeikere Yà

Nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò irun tí J. D. 'Okhai Ojeikere yà, ẹ̀yìn ni obìnrin tó wà níbẹ̀ kọ sí wa. Kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni, kò wo kámẹ́rà. Ìpàkọ́ rẹ̀ ló wà níwájú wa, pẹ̀lú ọrùn àti etí, bóyá yẹtí kékeré kan, bóyá ọrùn búláòsì. Gbogbo ìyókù, irun ni. Kò sí àga olówó ńlá, kò sí òdòdó orí tábìlì, kò sí àwòrán odò àti òkè tí àwọn onísítúdíò ayé ìgbà náà máa ń ta sẹ́yìn oníbàárà. Ohun tó wà lẹ́yìn obìnrin náà mọ́ lóló, kò ní ọnà kankan.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ́ fọ́tò yíyà lónìí ló ti rí irú rẹ̀ lójú fóònù. Bí mo bá fi hàn wọ́n, èsì wọn kì í pẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, èyí ò le o. Ká ṣáà pe ẹni tó dirun, ká ní kó yíjú sí ògiri." Èmi kì í bá wọn jiyàn. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ yà á wá.

Irun dúdú wà lára ohun tó nira jù láti yà. Ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé kámẹ́rà sí ìpàkọ́ tí irun bò, tó jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ṣírò ìmọ́lẹ̀, kámẹ́rà á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, á sì gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ju bó ti yẹ lọ. Irun á ṣá, á di aláwọ̀ eérú; búláòsì funfun á kàn máa tàn yòò láìsí ojú rírán kan tó hàn lára rẹ̀. Bó bá wá dín ìmọ́lẹ̀ kù nítorí búláòsì, irun á dì pọ̀ di kìkì dúdú, a ò ní mọ̀ bóyá sùkú ni tàbí fìlà.

Ẹ wá wo ti Ojeikere. Ìlà tí onídìrí là sí orí hàn gbangba, awọ orí tàn díẹ̀ láàrin ìdì kan àti èkejì, ẹ sì lè fi ìka tọ ìlà kan láti ìpàkọ́ dé àtàrí láì ṣìnà. Níbi tí wọ́n bá ti fi òwú kó irun, ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kan òwú náà kọjá, ó fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ fún òjìji, ojú wa á sì mọ̀ pé ohun tó rí roboto ló ń wò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé ṣe láti ka iye ìgbà tí òwú yí igi irun kan po. Fíláàṣì orí kámẹ́rà kò lè ṣe èyí, torí iwájú tààrà ló ti ń tan iná, á sì tẹ́ ohun gbogbo pẹrẹsẹ. Ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wá, kó sì rọra wá, kó máa fi ara nu irun náà bó ti ń kọjá.

Orí ènìyàn kì í sì í ṣe pátákó. Bí ìpàkọ́ bá sún mọ́ lẹ́ǹsì, àtàrí á jìnnà díẹ̀, etí náà á jìnnà. Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí fẹ́ràn kí wọ́n ṣí ihò lẹ́ǹsì gbàgà kí ẹ̀yìn lè rí bàìbàì. Bí wọ́n bá fi ìyẹn ya kòlẹ́sẹ̀, ìdì méjì péré ló máa mú, ìyókù á di kùrukùru. Ojeikere fẹ́ kí gbogbo ìdì mú, èyí tó wà lọ́rùn àti èyí tó wà lókè, nítorí náà ó ní láti fún ihò lẹ́ǹsì pọ̀. Ẹni tó bá sì fún un pọ̀ nílò ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ tàbí obìnrin tó lè dúró jẹ́ẹ́. Ibi tí wọ́n ti máa ń padà wá bá mi nìyẹn, pẹ̀lú fọ́tò tí wọn kò fẹ́ fi hàn mí.

Níbo ni Ojeikere ti kọ́ iṣẹ́ yìí? Ọdún 1930 ni wọ́n bí i ní Ovbiomu-Emai, ní apá ibi tó di Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n Ìbàdàn àti Èkó ló ti ṣe iṣẹ́ tó gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Kámẹ́rà Brownie D kan tí kò ní fíláàṣì ló kọ́kọ́ rà ní 1950, aládùúgbò kan ló sì fi ọwọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn án. Nígbà tó ń wá iṣẹ́ sí Iléeṣẹ́ Ìròyìn ní Ìbàdàn, lẹ́tà ló ń kọ ránṣẹ́ lemọ́lemọ́ títí wọ́n fi gbà á ní 1954. Inú yàrá òkùnkùn ni wọ́n fi í sí, níbi tí wọ́n ti ń fọ fíìmù.

Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni ilé ìwé rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ń fọ fíìmù ẹlòmíràn kì í rí fọ́tò tó dára nìkan, ó ń rí ìyókù fíìmù náà pẹ̀lú: èyí tó ṣú jù, èyí tí ẹni tí wọ́n ń yà ti mira, èyí tí ọ̀gá yà tẹ̀ lé e nígbà tó ti mọ ohun tó bàjẹ́ nínú ti àkọ́kọ́. Ó ń rí bí ọ̀gá ṣe ń ronú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kò ní àǹfààní yìí. Fọ́tò àwọn àgbà tó ti jáde, tó ti dán, nìkan ni wọ́n ń rí, wọ́n sì máa ń rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe jáde láti ọ̀run. Bí mo bá ní agbára, gbogbo ẹni tó ń kọ́ fọ́tò ni n bá fún ní àkójọ fọ́tò tí ọ̀gá kan pa tì, kí wọ́n fi oṣù kan wò ó.

Ní 1961, Ojeikere di onífọ́tò ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959. Ní 1963, ó kó lọ sí Èkó, ó wọ ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà tó ń jẹ́ West Africa Publicity, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1975 tó dá sítúdíò tirẹ̀ sílẹ̀, Foto Ojeikere. Àwọn tó ń kọ nípa rẹ̀ máa ń sáré kọjá níbí yìí, wọ́n á kàn ní iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni. Èmi kò gbà. Ẹni tó bá ń ya fọ́tò ìpolówó ọjà ti kọ́ láti mú ohun gbogbo tó lè pín ọkàn olùwòran níyà kúrò. Bó bá jẹ́ ọṣẹ lo fẹ́ tà, ọṣẹ ni kí wọ́n rí. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gun etí rẹ̀, ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ mọ́. Lójú tèmi, ojú tó fi ń wo ọjà oníbàárà ló gbé padà wo orí obìnrin, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí kò polówó fún ẹnikẹ́ni.

Ó dara pọ̀ mọ́ Ìgbìmọ̀ Iṣẹ́ Ọnà Nàìjíríà ní 1967, nígbà tó sì di 1968, nídìí àjọ̀dún kan tí ìgbìmọ̀ náà ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun. Láti ìgbà náà, kò dúró mọ́. Ní òpópónà, níbi ìgbéyàwó, lẹ́nu iṣẹ́, ibikíbi tó bá ti rí orí tó wù ú, ó ń bẹ̀ wọ́n kó yà á. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan irun ló kó jọ kó tó dákẹ́.

Onímọ̀ irun á tètè rí ohun tí onímọ̀ kámẹ́rà lè má rí: irun ló ń sọ ibi tí onífọ́tò máa dúró. Ẹ wo kòlẹ́sẹ̀, iwájú orí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì parí sí ọrùn. Ẹ̀yìn ló ti yẹ kí wọ́n yà á. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ gba ọ̀nà kejì, ó ti ọrùn lọ síwájú. Sùkú kó gbogbo ìdì lọ sókè, ibi tí wọ́n ti pàdé ló ní ẹwà rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá dúró sí ẹ̀yìn gan-an ẹ ti pàdánù ìdajì rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló dára jù. Pàtẹ́wọ́, tí ìdì ti ọ̀tún àti òsì wá pàdé láàrin, kò ní fẹ́ kámẹ́rà tó wà nílẹ̀. Ojeikere mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń yí sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí irun bá béèrè fún un, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó sì ń bọ́ sí iwájú.

Èyí tí mo máa ń pẹ́ lórí rẹ̀ jù ni Onílé Gogoro tàbí Àkàbà, tí ó yà ní 1975. Irun kíkó ni. Onídìrí fi òwú yí igi irun kọ̀ọ̀kan po títí ó fi le, ó tẹ̀ ẹ́, ó so ó mọ́ òmíràn, ìpele gun orí ìpele. Ọdún yẹn náà ni wọ́n parí Afárá Èkó, ìlú ń ga sókè, àwọn obìnrin sì ń gbé ilé àti afárá sórí. Ojeikere fúnra rẹ̀ ya ilé púpọ̀ ní Ìbàdàn àti Èkó láyé ìgbà òmìnira, àwọn ilé tuntun tí wọ́n fi kọ̀ǹkéré kọ́. Ẹni tó bá gbé fọ́tò ilé yẹn sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò irun yìí á rí i pé ọwọ́ kan náà ló yà wọ́n. Ó ń wá ohun tó gbé ohun mìíràn ró: òpó wo ló ru òrùlé, ìdì wo ló ru ìdì tó wà lókè rẹ̀. Níbi tí ojú ọ̀pọ̀ wa ti máa gbájú mọ́ gíga irun náà, tirẹ̀ lọ sí ìdí rẹ̀, níbi tí òwú ti so mọ́ awọ orí.

Báwo wá ni ọmọ iṣẹ́ ṣe ń jẹ nínú irú iṣẹ́ báyìí láì di ẹni tó kàn ń ṣe ẹ̀dà? Jámánì ni mo ti rí àpẹẹrẹ tó tẹ́ mi lọ́rùn jù. Tọkọtaya kan wà níbẹ̀, Bernd àti Hilla Becher, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ya ilé gogoro tí wọ́n ń tọ́jú omi sí àti ìléru, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti iwájú, nígbà tí ojú ọ̀run kò ní oòrùn, bákan náà ni gbogbo rẹ̀. Ní 1976, Bernd bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ìlú Düsseldorf. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Thomas Ruff mú ìlànà náà lọ sórí ojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Candida Höfer mú un wọ inú ilé ìkàwé ńláńlá tí kò sí ènìyàn. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀gá ni sùúrù àti bó ṣe ń dúró. Ìléru rẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ fún un.

Ní Èkó, ọmọ Ojeikere, Amaize, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Depth of Field sílẹ̀ ní 2001, pẹ̀lú Uche James-Iroha, Kelechi Amadi-Obi àti TY Bello. Bí ẹ bá wo iṣẹ́ wọn, ẹ kò ní rí ẹni tó ń ya ìpàkọ́ kiri. Medina Dugger ni tirẹ̀, ará Amẹ́ríkà tó ti gbé Èkó, dìídì fi iṣẹ́ rẹ̀ tó pè ní Chroma yẹ́ Ojeikere sí. Ó mú irun kíkó náà, ó fi òwú pupa, òwú ewé àti òwú àyìnrín kó o, ó sì kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ tó ń bá a jà. Ó wu ojú, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n àwọ̀ náà ló ń pè mí ṣáájú, ìlà orí ló ń kẹ́yìn, mo sì máa ń fẹ́ padà sí dúdú àti funfun níbi tí kò sí ohun tó lè ṣáájú ìlà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa má ṣe gbà lọ́wọ́ ọ̀gá yìí. Ojeikere bọ̀wọ̀ fún àwọn onídìrí. Ó sọ ọ́ pé bí ẹni tó ń gbẹ́ ère ni wọ́n rí lójú òun. Ó kọ orúkọ irun sílẹ̀, ó kọ ọdún. Síbẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ dé Paris ní 2000, tó dé Kassel ní 2007, tó sì dé Venice ní 2013, ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀, orúkọ irun àti orúkọ onífọ́tò làwọn tó wá wòran kà. Obìnrin tó jókòó lórí àga, tó há orí oníbàárà sí àárín orúnkún, tó fi ẹnu òòyà la ìlà, tó fi eyín gé òwú, kò sí orúkọ rẹ̀ lábẹ́ fọ́tò. Bóyá ẹnikẹ́ni kò bi í nígbà náà. Lónìí, bíbéèrè rẹ̀ kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, àyè sì wà nínú fóònù tí wọ́n fi ń ya fọ́tò náà láti kọ ọ́ sí: orúkọ onídìrí, àdúgbò tó ti ń ṣiṣẹ́, wákàtí tó lò lórí irun yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí bóyá ìyẹn náà wà lára fọ́tò yíyà. Mo ní kó padà lọ bá ìyá tó dirun ọ̀hún kí wọ́n tó ti ìsọ̀.