Yinniyinni àti Máàkì: Àyẹ̀wò Ẹ̀san Orí Stack Overflow

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Yinniyinni, kẹ́ni ó ṣe mìíràn." Òwe yìí fi hàn pé ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti mọ̀ pé ìyìn a máa mú kí ẹni tí ó ṣe rere lónìí tún ṣe é lọ́la. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohun tí í ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá ń ka ìyìn bí ẹni ń ka owó ẹyọ, tí a sì kọ iye rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni kí gbogbo ayé lè máa wò ó. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ nìyí ní àwọn ibi tí àwọn kan ti ń béèrè, tí àwọn mìíràn sì ń dáhùn, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan gbà pé máàkì tí a ń fún àwọn olùdáhùn ni ó gbé ìmọ̀ dìde níbẹ̀; àwọn mìíràn ní kòkòrò tí ń jẹ obì ni, inú obì ni ó sì wà. Ó yẹ kí á yẹ àríyànjiyàn yìí wò lórí Stack Overflow, nítorí pé àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ro òfin máàkì wọn jinlẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀.

Jeff Atwood àti Joel Spolsky ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2008, fún àwọn tí ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ẹnikẹ́ni lè béèrè, ẹnikẹ́ni sì lè dáhùn, láìgba kọ́bọ̀. Bí òǹkàwé bá rí i pé ìdáhùn kan wúlò, yóò dìbò fún un, ẹni tí ó kọ ọ́ yóò sì gba máàkì 10. Bí oníbèéèrè fúnra rẹ̀ bá yan ìdáhùn náà pé òun ni ó yanjú ọ̀ràn rẹ̀, máàkì 15 ni. Ìbò ẹ̀gàn a máa gba máàkì 2 lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ̀wé. Ẹni tí ó bá sì di irú ìbò bẹ́ẹ̀ lu ìdáhùn yóò pàdánù máàkì 1, kí ó má baà sọ ọ́ di eré ọwọ́. Bí máàkì bá ti ń pọ̀ ni ẹ̀tọ́ ń pọ̀. Ẹni tí ó ní 15 lè dìbò rere. Ẹni tí ó ní 50 lè sọ̀rọ̀ sábẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó ní 2,000 lè tún un ṣe láìdúró de àṣẹ. Ẹni tí ó ní 3,000 sì lè bá wọn dìbò pé kí a ti ìbéèrè kan pa.

Ènìyàn kò gbọdọ̀ fojú kéré ọgbọ́n tí ó wà nínú ètò yìí. Yahoo! Answers, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2005 tí wọ́n sì tì pa ní 2021, náà ń fúnni ní máàkì, ṣùgbọ́n máàkì 2 ni ó ń fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dáhùn, ìbáà jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó kàn kọ ọ́ pé òun kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ń san owó fún. Ní Stack Overflow, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ jẹ́rìí kí máàkì tó wọlé, ìdáhùn tí ó bá sì ní ìbò púpọ̀ a gòkè síwájú òǹkàwé. Nípa báyìí, àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni lè rí ìdáhùn tí ó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé láàárín ìṣẹ́jú kan. Àǹfààní ńlá ni èyí, ó sì ti ran ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ohun méjì ni wọ́n dà pọ̀ sínú igbá kan. Èkíní ni ìbò tí ó wà lórí ìdáhùn. Èkejì ni àpapọ̀ máàkì tí ó wà lórí orúkọ ènìyàn. Ti òǹkàwé ni èkíní: ó ń sọ fún un ibi tí òtítọ́ ṣeé ṣe kí ó wà. Ti olùdáhùn ni èkejì: ó ń sọ fún un bí òun ti tó. Orúkọ tí àwọn onílé fún àpapọ̀ náà ni òkìkí, bóyá wọ́n sì sọ òtítọ́ ju bí wọ́n ti rò lọ. Yorùbá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òkìkí àti iyì. Òkìkí ṣe é kà. Ó lè kàn nítorí ohun kékeré tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí. Iyì kò ṣe é kà. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ni ó ti ń wá.

Ìpalára tí ó ti ara òkìkí yìí wá kò fara sin. Lákọ̀ọ́kọ́, ó sọ ìdáhùn di eré ìje. Ìbéèrè tí ó rọrùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn lóye, ìdáhùn tí ó sì kọ́kọ́ dé ni ojú kọ́kọ́ rí. Nítorí náà ìlà méjì tí ẹnì kan sáré kọ lè mú ọgọ́rọ̀ọ̀rún máàkì wá, nígbà tí ẹni tí ó fi gbogbo alẹ́ tú ọ̀ràn líle fún oníbèéèrè kan ṣoṣo yóò gba ìbò kan tàbí méjì. Àwọn onílé fi òfin dè é pé máàkì tí ìbò lè mú wá kò gbọdọ̀ ju 200 lọ lójúmọ́, ṣùgbọ́n èyí kò yí ohun tí à ń sá tẹ̀ lé padà.

Lẹ́ẹ̀kejì, ó rẹ oníbèéèrè sílẹ̀. Ní 2010 wọ́n dín máàkì tí ìbò rere ń mú wá fún ìbéèrè kù láti 10 sí 5, wọ́n sì fi ti ìdáhùn sílẹ̀ ní 10. Ọdún mẹ́sàn-án kọjá kí wọ́n tó dá a padà sí 10 ní 2019. Ní gbogbo àkókò yẹn, ohun tí òfin ń wí ni pé ìdajì olùdáhùn ni oníbèéèrè. Bẹ́ẹ̀ sì ni, abèèrè kì í ṣìnà, kò sì sí ìdáhùn tí kò ní ìbéèrè fún ìyá. Àlejò tí ó wọlé pẹ̀lú máàkì 1 kò lè bi olùdáhùn ní ọ̀rọ̀ sábẹ́ ìdáhùn tí kò yé e lórí ìbéèrè ẹlòmíràn, àyàfi bí ó bá kọ́kọ́ wá 50. Àwọn tí ó ti ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì ni adájọ́ rẹ̀. Ní 2018 ilé-iṣẹ́ náà jẹ́wọ́ ní gbangba pé àwọn àlejò kì í rí ojú rere tó níbẹ̀.

Àwọn tí ń kọ́ nípa ìwà ènìyàn ti rí irú èyí tẹ́lẹ̀. Ní 1973, Lepper, Greene àti Nisbett ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ fún àwọn ọmọdé tí ó fẹ́ràn àti máa ya àwòrán. Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti gba ẹ̀yẹ náà, ìfẹ́ tí wọ́n ní sí àwòrán dínkù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní ẹ̀yẹ kan náà lójijì, láìṣèlérí, kò pàdánù ìfẹ́ wọn. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni òwe àwọn àgbà ń tọ́ka sí: ìyìn tí ó tẹ̀ lé iṣẹ́ kì í ba iṣẹ́ jẹ́, èyí tí ó ṣíwájú iṣẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di iṣẹ́ ojú ayé. Ní 2013 ẹ̀wẹ̀, Anderson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àmì ẹ̀yẹ Stack Overflow fúnra rẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé bí ènìyàn bá ti ń sún mọ́ àmì náà ni ó túbọ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí ó ń mú un wá. Bí ó bá sì ti gbà á tán, ọwọ́ rẹ̀ a rọ̀.

Ẹni tí ń gbèjà máàkì lè wí pé, bí a bá mú òkìkí kúrò, ta ni yóò wá dáhùn, ta ni yóò sì tún ilé ṣe? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Síbẹ̀, Wikipedia ti wà láti 2001, kò sì sí àpapọ̀ ìbò tí a fi ń díwọ̀n ẹni tí ó ń kọ ọ́. Ẹ̀tọ́ àti òkìkí kì í sì í ṣe ohun kan náà. Ó ṣeé ṣe kí a fi iṣẹ́ lé ẹni tí a ti dán wò lọ́wọ́, láìgbé iye máàkì rẹ̀ kọ́ sí ojú ọ̀nà.

Ìdánwò tí ó le jù dé ní ìparí 2022, nígbà tí ChatGPT jáde. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn kan ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ náà, tí wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìbéèrè àwọn ẹlòmíràn, tó bẹ́ẹ̀ tí Stack Overflow fi fòfin dè é ní oṣù Kejìlá ọdún náà, nítorí pé ìdáhùn náà dùn ún kà ṣùgbọ́n àṣìṣe pọ̀ nínú rẹ̀. Kí ni ó ń mú kí ènìyàn lẹ ohun tí kò yé òun fúnra rẹ̀ mọ́ iwájú àlejò? Kò sí owó níbẹ̀. Òkìkí nìkan ni ó wà níbẹ̀ láti kó. Lẹ́yìn náà ìbéèrè tuntun lọ sílẹ̀ gidigidi. Ọ̀pọ̀ oníbèéèrè ti rí ibi tí kò sí ẹni tí yóò gba máàkì lọ́wọ́ wọn nítorí pé wọ́n béèrè.

Ohun tí ó ṣẹ́kù sọ ẹ̀yà ibi tí ó dára nínú ètò náà. Títí di òní, ẹni tí ó bá ní ìṣòro ṣì lè ka ìdáhùn tí wọ́n kọ ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, kí ó fi ìbò orí rẹ̀ mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ dán wò, kí iṣẹ́ rẹ̀ sì yanjú. Kì í wo iye òkìkí ẹni tí ó kọ ọ́. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́la, kí ó fi ìbò sórí ìdáhùn, kí ó sì jẹ́ kí orúkọ ènìyàn wà láìní iye.