Òfin Ayò: Èwo Ni A Lè Yàn?

Bí ọ̀ta méjì bá jókòó ti ọpọ́n ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ariwo kì í pẹ́ sọ. Òfin ni ó máa ń dá a sílẹ̀.

Ojú 12, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin: èyí kò ní àríyànjiyàn. Ẹni tí ó bá jẹ 25 ti borí. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá lè jẹ gbogbo ọmọ tí ó wà níwájú ẹnìkejì lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Àwọn kan ní kí ó jẹ ẹ́. Àwọn kan ní kò gbọdọ̀ ta á. Àwọn mìíràn ní kí ó ta á, kí ó má jẹ nǹkan kan.

Ní 2002, Romein àti Bal ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà yẹ irú eré yìí wò délẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣìṣe, ọ̀mì ni. Ọpọ́n kò ṣègbè. Ṣùgbọ́n òfin kan pàtó ni wọ́n lò. Ẹni tí ó bá yí i padà kò lè fi wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí.

Ó tún ku òfin pé kí a ta ọmọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí tirẹ̀ tán. Àwọn kan ní ogun ni ayò, ogun kò sì ní àánú. N kò gbà. Àánú kọ́ ni. Òun ni kì í jẹ́ kí a fi ebi borí dípò ọgbọ́n. Kí á má yọ ọ́ kúrò láé.

Ti jíjẹ-tán ni a lè yàn, kí á tó ta ọmọ àkọ́kọ́. Ní 1872, ìlú 13 kó jọ di Ṣàgámù nítorí ààbò. Síbẹ̀ Makun kò fi Ewùsì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọpọ́n wa rí bẹ́ẹ̀.