Ìṣẹ́jú Mẹ́ta, Kò Sí Ìbéèrè

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa kan, ará PG ní ẹ̀ka kẹ́mísìrì, sọ nínú gbọ̀ngàn lọ́sẹ̀ tó kọjá tí gbogbo ilé fi dìde pàtẹ́wọ́, èmi ni mo bá a kọ ìdajì rẹ̀. Nítorí náà, bí mo ṣe fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu eré yìí, ara mi ni mo kọ́kọ́ ń bá wí.

Fún ẹni tí kò sí níbẹ̀: ìdíje ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé á dúró, á fi ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ṣàlàyé ohun tó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, fún àwa tí a kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2008. Ọ̀dá dá lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ní kí aráàlú má pẹ́ nílé ìwẹ̀, ọ̀pọ̀ sì fi aago kékeré oníṣẹ́jú mẹ́ta sára ògiri balùwẹ̀. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Alan Lawson ti rí ọgbọ́n dá. Wọ́n ní ìwé ìwádìí tó ní 80,000 ọ̀rọ̀ á gba wákàtí mẹ́sàn-án téèyàn bá ní kóun sọ gbogbo rẹ̀ tán. Àwòrán kan ṣoṣo ni wọ́n á gbé sẹ́yìn rẹ, kò sì gbọdọ̀ mira. Kò sí fídíò, kò gbọdọ̀ sí ewì, kò gbọdọ̀ sí orin. (Ẹ gbọ́ ná, kò gbọdọ̀ sí orin! Ìyá mi àgbà ò lè pa àlọ́ kan yege níwájú àwọn adájọ́ yẹn.)

Mi ò sọ pé kò dáa o. Mo ti jókòó ní sẹ́mínà àwọn ará PG rí, tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń ka bébà láìgbójú sókè, tí àwọn olùkọ́ ń tògbé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sàn jùyẹn lọ fíìfíì. Ọmọkùnrin tó sọ̀rọ̀ nípa yànmùyánmú kàn dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, ló bá gbá etí ara rẹ̀ pàà! Gbogbo wa ti mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó lanu. Èmi ò rí i kọ́ láàárín wa nínú ẹgbẹ́ yìí, ká má parọ́.

Gaàrí ni ti ẹ̀gbọ́n wa. Òun nìkan ló sọ tirẹ̀ ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí láti 1970 tí Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì, kò yẹ kẹ́nikẹ́ni tún máa sọ pé èdè ò gbà á. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù tó lè di sáyánáìdì. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́, oje inú rẹ̀ á dàpọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú nǹkan yẹn ká. Kíkan nínú àpò, fífún omi rẹ̀ àti yíyan lórí iná á wá lé ọ̀pọ̀ èyí tó kù lọ. Iye tó ń ṣẹ́ kù bí a bá dín ọjọ́ inú àpò kù ni Àǹtí ń wá.

Nígbà tó gbé bébà rẹ̀ wá fún mi, “ó jọ pé” kún inú rẹ̀. “Nínú irú ẹ̀gẹ́ méjì tí mo yẹ̀ wò.” “A ò tíì mọ̀ bóyá.” Mo fi bírò pupa fa gbogbo rẹ̀ dànù. Mo fi “Ikú wà nínú àpò gaàrí yín” sí iwájú. Àǹtí rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé kò ti le jù?” Mo ní, “Ẹ fi síbẹ̀ jàre, Àǹtí.”

Wọ́n pe àwọn ìyá tó ń yan gaàrí ní abúlé tó wà nítòsí wa síbẹ̀. Nígbà tí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀, ọ̀kan dìde ní ìlà kẹta. “Ọmọ mi, o ṣeun o. Bí ọjà bá bọ́ sí ọ̀túnla, tí mo yan tèmi lọ́jọ́ kejì, ṣé májèlé ni mo ń tà?”

Olóòtú ní ìdíje yìí ò ní àyè ìbéèrè. Ó lu aago, ó pe ẹni tó kàn. Ìyá náà jókòó, kò pẹ́ ló di gèlè rẹ̀ le, ó jáde. Àǹtí gba ipò kìíní.

Àwọn kan ń sọ pé rírọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ló ba ìwádìí jẹ́. Irọ́ ni. Ìyá yẹn gbọ́ gbogbo rẹ̀ yé, ìdí nìyẹn tó fi ní ìbéèrè. Àwọn tó dá ìdíje náà sílẹ̀ pàápàá ní kí adájọ́ wò ó bóyá olùdíje sọ iṣẹ́ rẹ̀ di yẹpẹrẹ. Ohun tí mo gé kúrò gan-an ni ìdáhùn rẹ̀: irú ẹ̀gẹ́ méjì péré, a ò tíì mọ̀ bóyá. Mo pè é ní àpọ̀jù ọ̀rọ̀, torí kò dùn létí. Tí apàlọ́ bá ní “Ààlọ́ o,” àfi ká dáhùn “Ààlọ̀” kó tó lè tẹ̀ síwájú. Bó bá ṣì í sọ, ọmọdé á ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ sọ ọ́ lánàá. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, àtẹ́wọ́ nìkan ni tiwa.

Sátidé tó ń bọ̀ la fẹ́ lọ sí abúlé ìyá náà. Àǹtí ní kí n mú bébà àkọ́kọ́ yẹn dání, èyí tí mo fi bírò pupa fà. Mo ti tú gbogbo yàrá wò, n kò tíì rí i.