Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn àti Ẹ̀jẹ̀ Ìyàwó Rẹ̀

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè irú ènìyàn tí Kàkó jẹ́ nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìdáhùn tí ó máa ń yá wọn lẹ́nu ni pé akíkanjú ni, onígboyà ni, ọ̀rẹ́ tòótọ́ sì ni. Mo ti ka irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìdánwò púpọ̀, èmi kò sì lè wí pé irọ́ ni. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ibẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Àkàrà-Oògùn ni olórí ìtàn tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, gbé jáde ní 1938. Nígbà tí ọba rán an lọ sí Òkè Láńgbòdó láti lọ gba ohun tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú, kò fẹ́ dá a lọ, ni ó bá pe àwọn ògbójú bí i tirẹ̀. Ìmọ̀dóyè ní ọgbọ́n, Olóhùn-Iyọ̀ ní orin, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ̀-Ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Ti Kàkó ni agbára àti kùmọ̀ rẹ̀. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, a kì í sì í fi ojú tí a fi ń wo olórí ìtàn wo amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí nìyí tí ìwà rẹ̀ fi ń bọ́ mọ́ wa lójú.

Nígbà tí Àkàrà-Oògùn jẹ́ iṣẹ́ ọba fún Kàkó, kíá ni ó gbà láti lọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀ kò jẹ́ kí ó lọ. Kàkó bínú, ó sì pa á. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò ì tíì rí iwin kan lójú ọ̀nà Láńgbòdó nígbà náà. Àlàáfíà ni wọ́n ń wá lọ. Inú ilé ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀jẹ̀ sì ti kọ́kọ́ ta sílẹ̀. Síbẹ̀, Kàkó kò pàdánù àyè rẹ̀ láàárín àwọn ọdẹ.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ ọba kò ṣeé fi falẹ̀, àti pé ọkùnrin tí ó bá jẹ́ kí obìnrin dá òun dúró kò yẹ ní ọdẹ. N kò gbà. Àwọn yòókù náà fi ilé sílẹ̀, wọn kò sì pa ará ilé wọn kí wọ́n tó jáde.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní Ọ̀wọ̀ àti ní agbègbè Ọ̀sẹ́ ní ohun tí ẹ lè fi wọ̀n ọ́n. Ìtàn Ọ̀wọ̀ wí pé Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ńgẹ́jẹ́n fẹ́ Ọ̀rọ̀nṣẹn, obìnrin tí kì í ṣe ènìyàn lásán. Kò gbọdọ̀ rí i kí a lọ ilá, kò gbọdọ̀ rí i kí a da igi ìdáná sílẹ̀ gbì, kò gbọdọ̀ rí i kí a da omi sí àgbàlá. Àwọn orogún rẹ̀ rú èèwọ̀ náà, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Títí di òní, nígbà ọdún Igogo, Ọlọ́wọ̀ a máa di irun bí obìnrin, a kì í lu ìlù, agogo ni a ń lù. Ọba fúnra rẹ̀ ni ó ń ru àdánù ìyàwó sórí ní gbangba. Ọmọ tí ó ti rí Igogo kò yẹ kí ó ka ikú ìyàwó Kàkó bí ẹni ń ka iye ẹrù tí wọ́n dì.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ràn fíìmù àwòrán àwọn ará Jàpáànù tí à ń pè ní Dragon Ball, èyí tí Toriyama Akira bẹ̀rẹ̀ sí yà sínú ìwé ní 1984. (Àwọn àgbà kan ń rẹ́rìn-ín sí i, èmi ti jókòó wò ó.) Krillin jẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ bí Kàkó. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ tí yóò fi pa agbára obìnrin kan tí ó jẹ́ ọ̀tá wọn, kí ẹ̀dá búburú kan tí ń jẹ́ Cell má baà gbé e mì. Krillin kò lè ṣe é. Ó fọ́ ẹ̀rọ náà. Àánú yìí ná wọn ní ohun púpọ̀, nítorí Cell gbé obìnrin náà mì, agbára rẹ̀ sì pé. Toriyama jẹ́ kí a rí iye tí àánú ná wọn. Lẹ́yìn náà, obìnrin yìí kan náà ni Krillin fi ṣe aya.

Ohun tí mo rí pé ó kù nínú iṣẹ́ Fágúnwà nìyí. Ó fi ikú náà hàn wá, kò bò ó, ó sì jẹ́ kí a gbọ́ ẹ̀bẹ̀ obìnrin náà. Ìyìn rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìbínú Kàkó ná àwọn ọdẹ ní ohunkóhun lọ́nà Láńgbòdó. Ó yẹ kí olùkọ́ dúró ní ojú ewé yìí kí ó tó ṣí òmíràn, kí ó sì bi àwọn ọmọ pé: bí ìròyìn náà bá ti dé etí ọba kí wọ́n tó gbéra, ǹjẹ́ ìbá ṣì jẹ́ kí Kàkó lọ bá òun wá àlàáfíà?