Matplotlib: Ayàwòrán Tí Kì í Béèrè Ìdí

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí olùkọ́ bá ka ọgọ́rùn-ún nọ́ńbà sí wa létí, díẹ̀ nínú wọn la óò rántí. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi wọ́n ya gíráàfù, wéré la óò mọ̀ bóyá wọ́n ń gòkè ni tàbí wọ́n ń lọ sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni Matplotlib wà fún. Àkójọ àwọn àṣẹ ni, tí à ń lò nínú Python, èdè tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Mo gbà pé irinṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń fi hàn wá gba àyẹ̀wò.

Onímọ̀ nípa ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, John D. Hunter, ló ṣe é, ó sì gbé e jáde ní ọdún 2003. Ó ń wá ohun tí yóò fi máa wo àmì iná mànàmáná tó ń jáde láti inú ọpọlọ àwọn tó ní wárápá. Hunter kú ní 2012, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń bá iṣẹ́ náà lọ, a kì í sì í sanwó kí a tó lò ó. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi àwòrán àkọ́kọ́ ti ihò dúdú ojú sánmà han aráyé ní 2019, Matplotlib wà lára irinṣẹ́ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè lò ó: àṣẹ mẹ́ta péré, gíráàfù ti jáde.

Ìrọ̀rùn yìí gan-an ni mo ń bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìpíndọ́gba máàkì ìṣirò ilé-ìwé kan fún ọdún mẹ́rin jẹ́ 61, 62, 63 àti 64. Bí a bá lo àṣẹ plt.plot, Matplotlib yóò bẹ̀rẹ̀ ìlà òòró nísàlẹ̀ 61 díẹ̀, yóò sì parí rẹ̀ lókè 64 díẹ̀. Ìlà náà yóò gùn láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé òkè téńté. Bí a bá lo plt.bar, yóò bẹ̀rẹ̀ láti òdo, òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga bákan náà. Nọ́ńbà kan náà ni o! Òbí tó rí ti àkọ́kọ́ nìkan lè rò pé iṣẹ́ ìyanu ṣẹlẹ̀ nílé-ìwé náà, kí ó sì torí rẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Èyí kò ní kí gbogbo gíráàfù bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bí ara ọmọ bá gbóná láti 37 dé 39, ìyàtọ̀ ńlá ni. Gíráàfù tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo yóò bo ibà náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tí nọ́ńbà ń sọ ló lè yan ibi tí ìlà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Matplotlib kò mọ̀ ọ́n. Kò tilẹ̀ ní bi wá léèrè bí a kò bá kọ orúkọ sí ara ìlà kankan.

Ti àwọ̀ náà ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọ̀ bí òṣùmàrè tí wọ́n ń pè ní jet ló máa ń fi ya àwòrán tí àwọ̀ dúró fún iye nínú rẹ̀, bí a kò bá yan òmíràn. Àwọ̀ ìyeyè inú rẹ̀ máa ń tàn ju ìyókù lọ, ojú a sì máa rí ààlà tí kò sí nínú nọ́ńbà. Àwọn ènìyàn ṣàríwísí rẹ̀ títí, nígbà tí ẹ̀dà 2.0 sì jáde ní 2017, viridis gba ipò rẹ̀. Èyí ń mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti orí àwọ̀ àlùkò dé ìyeyè. Ẹni tí ojú rẹ̀ kì í mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé lè kà á, kò sì ní dàrú bí a bá ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ ní dúdú àti funfun. Àríwísí ló mú àtúnṣe yìí wá.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Matplotlib kò lè ṣe bẹ́ẹ̀; bí a bá ṣe rán an ni yóò ṣe jẹ́ ẹ. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ má fi gíráàfù sílẹ̀ láìwo ibi tí ìlà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, bí wọ́n bá gbé gíráàfù síwájú yín, ẹ kọ́kọ́ ka nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó pàtẹ́wọ́.