Ẹyẹ Ṣáájú, Ọ̀run Kẹ́yìn

Ìgò náà kò ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ lè bò lọ, ẹnu rẹ̀ sì há débi pé ìka ọmọdé kò lè wọ̀ ọ́. Síbẹ̀ àpáta wà nínú rẹ̀, igi wà, odò wà, ọkọ̀ sì wà lójú odò. Lẹ́yìn gíláàsì ni gbogbo wọn wà, lára ògiri inú ìgò. Zhou Leyuan ló máa ń ya irú àwòrán báyìí ní Beijing ní àwọn ọdún 1880, aáṣáà sì ni wọ́n dìídì ṣe ìgò náà fún.

Àwọn Potogí àti àwọn àlùfáà Àgùdà ló gbé aáṣáà dé ààfin Ṣáínà. Lára rẹ̀ wá láti Bràsíl, ilẹ̀ kan náà tí tábà Bahia ti ń wá sí Ouidah àti Èkó láyé òwò ẹrú. Àpótí pẹlẹbẹ ni àwọn ará Yúróòpù ń kó tiwọn sí, ṣùgbọ́n àwọn ará Ṣáínà yan ìgò, torí ìdérí rẹ̀ máa ń dé pinpin, ọ̀rinrin kò sì ní ba aáṣáà jẹ́. Ní 1696, Ọba Kangxi dá ilé iṣẹ́ gíláàsì sílẹ̀ ní ààfin, ó sì fi Kilian Stumpf, àlùfáà ọmọ Jámánì, ṣe alábòójútó rẹ̀. Síbí tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń so mọ́ ìdérí ìgò, òun ni wọ́n fi ń bu aáṣáà sórí èékánná àtàǹpàkò kí wọ́n tó fà á símú. Lọ́dọ̀ àwọn ará Mongólíà títí dòní, ìgò aáṣáà ni wọ́n fi ń kí àlejò. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń nà án síra wọn. Ẹni tó gbà á lè bù díẹ̀, ó sì lè gbé e sún mọ́ imú lásán, kó dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ayàwòrán. Gíláàsì tó ń dán kì í gba ọ̀dà. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ da wóro irin kéékèèké tàbí iyanrìn líle pẹ̀lú omi sínú ìgò, wọ́n á máa mì ín títí ara rẹ̀ nínú kò fi ní dán mọ́, tí yóò lè di ọ̀dà mú. Gègé ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ ló kàn, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Ayàwòrán á ki gègé bọ ẹnu ìgò, á sì máa wo ẹnu gègé náà láti ìta.

Lórí ìwé, ojú ọ̀run ni à bá kọ́kọ́ kùn, kí òkè tẹ̀lé e, kí igi tẹ̀lé òkè, kí ẹyẹ tó wá bà lé ẹ̀ka. Nínú ìgò, ẹyẹ ló ń ṣáájú. Ọ̀dà tó bá kọ́kọ́ kan gíláàsì ni àwa tó wà níta yóò rí níwájú, èyí tó bá tẹ̀lé e á bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú èèyàn ni, ẹyinjú dúdú ni wọ́n á kọ́kọ́ fi sílẹ̀, lẹ́yìn náà funfun ojú, kí àwọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó dé. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe lórí ìwé lè fi ọ̀dà mìíràn bò ó. Níbí, ẹ̀yìn àṣìṣe ni ọ̀dà kejì yóò wà, àṣìṣe náà á sì máa wò wá lójú. Bí àwòrán náà ṣe kéré ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yìn. Ní tèmi, ohun tó ju ìyẹn lọ ni pé odindi àwòrán gbọ́dọ̀ ti parí lọ́kàn ayàwòrán kí gègé tó wọlé.

Ma Shaoxuan (1867–1939) gbé ọgbọ́n yìí dé orí ojú èèyàn. Ó ya Tan Xinpei, gbajúmọ̀ òṣèré Beijing, nínú aṣọ ọ̀gágun tó fi ń ṣeré. Ó sì sábà máa ń kọ ọ̀rọ̀ wínníwínní sí ẹ̀gbẹ́ kejì ìgò, ní ìlà-ìlà tí kò wọ́.

Inú ilé ni ìdílé ayàwòrán Ye Zhongsan fi iṣẹ́ náà pamọ́ sí, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó gba Wang Xisan, ará Hebei tí kì í ṣe ẹbí wọn, láti kọ́ ọ. Wang so irun mọ́ wáyà tó ṣeé tẹ̀, ó fi rọ́pò ọparun, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní Hengshui. Ní 2006, ìjọba Ṣáínà ka iṣẹ́ Hengshui mọ́ ogún àṣà orílẹ̀-èdè náà. Aáṣáà kò sí nínú ọ̀pọ̀ ìgò wọ̀nyí mọ́. Ta ni yóò fẹ́ kí síbí máa ha irú àwòrán bẹ́ẹ̀?

Gègé onírun àwọn ará Hengshui ń dé kọ̀rọ̀ tí ọparun kò lè dé, mo sì mọyì rẹ̀. Síbẹ̀, ti Zhou ni mo yàn. Ó mọ ibi tí kò yẹ kí ọ̀dà dé: láàárín òkè àti odò, ó máa ń fi gíláàsì sílẹ̀ láìkùn, gíláàsì híha náà á sì ṣe ìkùukùu fún un. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀lé e fẹ́ràn láti kun gbogbo ìgò dé etí.